Kì í Ṣe Àjẹ́, Kì í Ṣe Èpè: Àlàyé lórí Àrùn Alzheimer àti Bí Ìdílé Ṣe Lè Tọ́jú Ẹni tí Ó Mú

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdílé tí ń bẹ nínú ìjọ wa, a rí bàbá tàbí ìyá àgbà kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ orúkọ tí wọn ì bá pe ìṣe rẹ̀ mọ́. Ìyá tí ó ti ń ṣírò owó ọjà lórí láìlo ìwé láti ìgbà èwe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín wákàtí kan. Bàbá tí ó ti jẹ́ alàgbà fún ọgbọ̀n ọdún ṣìnà lójú ọ̀nà ilé ìsìn tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Àwọn aládùúgbò a ní ó ń ṣarán. Àwọn mìíràn a ní ayé ti fọwọ́ kàn án. Àwọn kan a sì máa sọ ọ́ ní wúyẹ́wúyẹ́ pé àjẹ́ ni, àṣírí rẹ̀ ni ó ń tú.

Àwọn oníṣègùn ní orúkọ fún púpọ̀ nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Àrùn Alzheimer ni wọ́n ń pè é. A kọ àlàyé yìí fún àwọn ará tí irú ẹrù yìí wà nínú ilé wọn. A sì kọ ọ́ pẹ̀lú fún àwọn àlùfáà, nítorí pé ẹnu ọ̀nà àlùfáà ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti kọ́kọ́ ń kan ìlẹ̀kùn kí wọ́n tó rántí ilé ìwòsàn, ohun tí àlùfáà bá sì sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni ilé yóò tẹ̀ lé.

Obìnrin ará Frankfurt

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901, wọ́n gba obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Auguste Deter sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní ìlú Frankfurt ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Ẹni ọdún 51 ni. Ó ti ń jowú ọkọ rẹ̀ láìnídìí, ó ń fi nǹkan pamọ́ kiri inú ilé, kò sì lè dáná bí ó ti yẹ mọ́. Dókítà Alois Alzheimer jókòó tì í, ó bi í léèrè orúkọ rẹ̀, ó dáhùn pé Auguste. Ó bi í léèrè orúkọ ọkọ rẹ̀, ó tún dáhùn pé Auguste. Nígbà tí ó ní kí ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, kò sì lè parí rẹ̀.

Obìnrin náà kú ní oṣù kẹrin ọdún 1906. Alzheimer ti kúrò lọ sí ìlú Munich nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n fi ọpọlọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, ó ròyìn ohun tí ó rí fún ìpàdé àwọn oníṣègùn ní Tübingen. Àwọn tí ó péjọ kò fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Ní ọdún 1910 ni Emil Kraepelin, ẹni tí í ṣe ọ̀gá rẹ̀, fi orúkọ Alzheimer pe àrùn náà nínú ìwé tí ó kọ fún àwọn oníṣègùn.

Ẹ kíyè sí i pé owú àti fífi nǹkan pamọ́ wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ hàn lára obìnrin yìí. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú kan ní ilẹ̀ wa ni ó gbé, ẹ̀rù ń bà mí láti sọ orúkọ tí àwọn ará àdúgbò ì bá fún un.

Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Alzheimer rí i pé ọpọlọ náà ti súnkì. Láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ohun kan ti ṣù jọ bí oúnjẹ tí ó jóná mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn, àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ ti lọ́ mọ́ra bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Lónìí a mọ̀ pé pùrótéènì tí ń jẹ́ amyloid ni ti àkọ́kọ́, àti pé pùrótéènì tí ń jẹ́ tau ni èkejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó kíyè sí ohunkóhun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá ọ̀tá tí ó ṣe ìyá òun ní oṣù tí ó kọjá, ibi tí kò sí ni ó ń wá a sí.

Apá tí àrùn náà sábà kọ́kọ́ ń bà jẹ́ ni ibi kékeré kan nínú ọpọlọ, lọ́tùn-ún àti lósì, tí wọ́n ń pè ní hippocampus. A lè fi í wé akọ̀wé ìjọ. Iṣẹ́ akọ̀wé ni láti kọ ohun tí a sọ ní ìpàdé òní sínú ìwé, kí ó sì tò ó sórí pẹpẹ ìwé. Bí akọ̀wé bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ìpàdé yóò wáyé, àwọn ènìyàn yóò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tú ká, ó di ẹni pé ìpàdé kò ṣẹlẹ̀ rí. Síbẹ̀ àwọn ìwé ọdún 1960 ṣì wà lórí pẹpẹ, ojú ewé wọn kò ya. Ìdí nìyí tí ìyá tí kò rántí pé òun jẹ àmàlà ní wákàtí kan sẹ́yìn fi lè dárúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin nígbà èwe rẹ̀. Àwọn ọmọ a máa bínú, wọ́n a ní, “Ẹ ò ri pé ẹ̀tàn ni? Èyí tí ó wù wọ́n ni wọ́n ń rántí.” Kì í ṣe ẹ̀tàn. Akọ̀wé ni ó ń ṣàìsàn.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àrùn náà a kúrò lọ́dọ̀ akọ̀wé, a bọ́ sí orí pẹpẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ̀wọ́n lẹ́nu. Ìyá a mú bùbá, a máa wo ibi tí ọwọ́ ń gbà wọlé. Ojú ọmọ tí ó bí a di àjèjì sí i. Ní ìgbẹ̀yìn, rírìn, jíjẹun àti gbígbé oúnjẹ mì pàápàá a di ìṣòro. Ọ̀nà náà gùn. Ẹlòmíràn a lo ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́yìn tí dókítà ti sọ orúkọ àrùn náà, ẹlòmíràn a sì tó ogún ọdún. Kì í ràn láti ara ẹnìkan sí ẹlòmíràn. Kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà: Ronald Reagan, ẹni tí ó ti jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà rí, kọ lẹ́tà sí àwọn ará ìlú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1994 láti jẹ́wọ́ pé àrùn yìí ti mú òun, ọdún mẹ́wàá ni aya rẹ̀ sì fi tọ́jú rẹ̀ kí ó tó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2004.

Ǹjẹ́ àrùn àwọn òyìnbó ni?

Àwọn kan gbà pé kò sí irú àrùn yìí ní ilẹ̀ Yorùbá. A dúpẹ́ pé àwọn ọmọ wa fúnra wọn ti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, tí ó kú ní ọdún 1995, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára wọn, pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn àgbàlagbà mọ́lé ní àdúgbò Ìdíkàn ní ìlú Ìbàdàn, tí wọ́n sì ń fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 65 sókè ni gbogbo wọn.

Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ní Ìdíkàn, bí 1.41 ni àrùn Alzheimer wà lára wọn, nígbà tí ti àwọn ará Indianapolis jẹ́ 3.69. Ní ọdún 2001 wọ́n tún ròyìn pé lọ́dọọdún, àrùn náà ń bẹ̀rẹ̀ lára 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìbàdàn, àti lára 2.52 ní Indianapolis. Ó kéré sí tiwọn, kò tó ìdajì rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà. Ohun kan tún wà tí ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu: àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní APOE e4, tí ó máa ń mú kí àrùn yìí pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó, kò fi bẹ́ẹ̀ ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lára àwọn ará Ìdíkàn. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn ará Ìbàdàn àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Indianapolis ti ṣẹ̀ wá láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí a ń jẹ, bí a ti ń rìn, àti bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ tó láàárín wa ní ipa tí wọ́n ń kó. Bí oúnjẹ àti ìgbé ayé ìlú ńlá ti ń di tiwa, kò yẹ kí a fi iye kékeré ti ọdún 1995 yẹn sùn.

Gbígbàgbé kò rí bákan náà

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá gbàgbé nǹkan ni àrùn yìí mú. Ẹni tí ó gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí ń dàgbà ni. Ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tí kò mọ ohun tí à ń fi í ṣe, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí orúkọ ojúlùmọ̀ sá lọ mọ́ lọ́wọ́, tí ó sì padà wá lẹ́yìn wákàtí kan, kí ó fọkàn balẹ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí a má ṣe dá orúkọ àrùn náà sọ fúnra wa nílé. Lóòótọ́, nínú gbogbo àrùn tí ń mú kí iyè àgbà lọ, Alzheimer ni ó kó bí 60 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ìyókù ń kọ́? Àrùn rọpárọsẹ̀ kéékèèké tí a kò fura sí lè fa irú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àìtó fítámì B12, àìsàn ẹṣẹ́ inú ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid, ẹ̀jẹ̀ tí ó dì sábẹ́ agbárí lẹ́yìn tí àgbà ṣubú, ìsoríkọ́ lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya, àti oògùn oríṣiríṣi tí wọ́n pa pọ̀ lò. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni ó ní ìwòsàn. Bí ọkàn àgbà bá sì dàrú lójijì láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kì í ṣe Alzheimer ni a ó kọ́kọ́ rò. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ àkóràn inú ìtọ̀, ó lè jẹ́ pé omi ti gbẹ lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an.

Ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ibùdó ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà wà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2012. Àwọn ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti Arò ní Abẹ́òkúta àti ti Yàbá ní Èkó náà ní àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tijú orúkọ Arò tàbí Yàbá. Ìyá yín kì í ṣe wèrè nítorí pé ẹ gbé e dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé ń dun ni jù. Bí a bá kó àwọn àmì àrùn Alzheimer jọ, tí a sì tò wọ́n síwájú ẹni tí kò gbọ́ nípa àrùn náà rí, yóò rò pé ìwà àjẹ́ ni a ń kà fún òun. Ìyá kò sùn lóru, ó ń rìn kiri inú ọgbà. Ó ń bá òkú sọ̀rọ̀. Ó ń bá ẹnìkan jà nínú díńgí. Ó ní ìyàwó ọmọ òun jí owó òun, a sì wá owó náà rí nínú ìrọ̀rí tí òun fúnra rẹ̀ fi í sí. Ó jáde ní ìhòòhò. Níkẹyìn, ó tún “jẹ́wọ́”.

Gbogbo rẹ̀ ni ó ní àlàyé. Apá ọpọlọ tí ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti ṣú ni àrùn ti bà jẹ́, nítorí náà òru ń jọ ọ̀sán lójú rẹ̀, àníyàn a sì máa pọ̀ sí i nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Òkú tí ó ń bá sọ̀rọ̀ kò tí ì kú nínú ìwé tí ó kù lórí pẹpẹ rẹ̀. Obìnrin arúgbó tí ó wà nínú díńgí kò jọ ọ́ lójú, nítorí pé ẹni ogójì ọdún ni ó rò pé òun jẹ́, ó sì ń bi í pé kí ni ó ń wá nínú yàrá òun. Ó fi owó pamọ́, kò sì rántí pé òun fi í pamọ́. Bí owó kò bá sí níbi tí ó yẹ kí ó wà, ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù ni yóò fura sí, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ní ti ìjẹ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ yé. Ọpọlọ tí àlàfo wà nínú rẹ̀ a máa wá ọ̀rọ̀ dí àlàfo náà, ẹni náà kò sì mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa. Bí ènìyàn mẹ́fà bá yí i ká lóru, tí wọ́n ń pariwo, tí wọ́n sì ń bi í pé, “Ṣé ẹ̀yin ni ẹ pa ọmọ náà?”, yóò wò ojú wọn, yóò rí i pé “bẹ́ẹ̀ ni” ni wọ́n ń fẹ́, yóò sì wí bẹ́ẹ̀ ni kí ariwo lè dẹ́kun. Bí ẹ bá bi í pé ṣé òun ni ó kọ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ó lè gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Mo bẹ àwọn àlùfáà, àwọn wòlíì àti àwọn aládùúrà wa, kì í ṣe pé mo fẹ́ kọ́ wọn ní iṣẹ́ wọn. Àgbà tí àrùn yìí mú kì í gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ara rẹ̀ yóò gbẹ, ọkàn rẹ̀ yóò túbọ̀ dàrú, a ó sì wí pé ẹ̀mí náà ń gbóná sí i. Kò yẹ kí a nà án, kò yẹ kí a dè é mọ́lẹ̀, kò yẹ kí a ní kí ó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ nù. Abala 210 nínú òfin Criminal Code ti Nàìjíríà pàápàá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ẹnikẹ́ni, ẹni tí ó bá ṣe é sì lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún méjì. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé ibẹ̀, ìjọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ dá ìyá náà sí. A gbàdúrà fún aláìsàn, a kò sì gbàdúrà lòdì sí i. Ẹni tí a rì bọmi, tí ó sì ti jẹun nídìí tábìlì Olúwa fún àádọ́ta ọdún, kò di ẹlòmíràn nítorí pé iyè rẹ̀ lọ.

Bí a ti ń gbé e nínú ilé

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣòro fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n dẹ́kun jíjiyàn. Ìyá ní òun fẹ́ lọ sílé, inú ilé rẹ̀ sì ni ó wà. Bí ẹ bá ń ṣàlàyé ìwé ilẹ̀ fún un, ẹ ó jọ sunkún ni. “Ilé” tí ó ń béèrè lè jẹ́ ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń gbé e pọ̀n. Bí ó bá ń béèrè ìyá rẹ̀ tí ó kú ní ọdún 1971, tí ẹ sì sọ fún un pé ó ti kú, bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni yóò ṣe ké, yóò tún béèrè ní ọ̀la, yóò sì tún ọ̀fọ̀ náà ṣe. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé kí ẹ wí pé, “Màámi, irú ènìyàn wo ni ìyá àgbà? Kí ni wọ́n máa ń sè fún yín?” Àwọn kan ń bi wá léèrè bóyá irọ́ ni èyí. Èmi kò rí irọ́ kankan nínú ìbéèrè.

Ẹ bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn. Ẹ má ṣe bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọdé. “Ẹ” tí ẹ ti ń lò fún un láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ sọ kò gbọ́dọ̀ di “o” nítorí pé ó tọ̀ sára. Yorùbá sì fún wa ní ohun kan tí àwọn ìwé òyìnbó kò ní: oríkì. Orúkọ tí wọ́n fi ń kì í láti kékeré, Àjọkẹ́, Àṣàkẹ́, Àlàó, wà lórí pẹpẹ tí ó jìnnà jù lọ, ó sì lè jẹ́ ohun tí yóò mú kí ara rẹ̀ rọ̀ nígbà tí ó bá kọ̀ láti wẹ̀. Kí obìnrin máa wẹ obìnrin, kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a máa fi aṣọ bò ó lára bí a ti ń wẹ̀ ẹ́. Ìtìjú kì í tètè kú bí iyè.

Ilé náà ní láti yí padà díẹ̀. Kí a gbé ìṣáná, sítóòfù àti kẹrosíìnì kúrò lárọ̀ọ́wọ́tó, kí a máa pa orí gáàsì, kí a dé kànga, kí a sì kó gbogbo oògùn sí ibi tí a ń tì. Kí iná díẹ̀ máa wà ní ọ̀nà ilé ìgbẹ́ lóru. Nítorí pé yóò jáde lọ́jọ́ kan, kí a kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù ọmọ rẹ̀, kí a rán an mọ́ aṣọ rẹ̀, kí a sì sọ fún àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn ọlọ́kadà àdúgbò. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ọlọ́kadà tí ó mọ̀ pé ìyá náà ń ṣàìsàn ni yóò gbé e padà wálé.

Ọ̀rọ̀ dúkìá kò gbọdọ̀ pẹ́. Nígbà tí àrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, aláìsàn ṣì mọ ohun tí ó fẹ́, ó sì lè pe lọ́yà láti ṣe ìwé ìpín ogún rẹ̀ àti láti yan ẹni tí yóò máa bójú tó owó rẹ̀. Bí iyè bá ti lọ tán, ìtẹ̀ka rẹ̀ lórí ìwé ilẹ̀ kò ní láárí níwájú adájọ́, ẹjọ́ ni yóò sì bí láàárín àwọn ọmọ.

Ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọbìnrin kan tàbí ìyàwó ilé kan ni gbogbo rẹ̀ já lé. Ìyá jẹun tán ní agogo méjì. Ní agogo mẹ́ta, àbúrò rẹ̀ dé láti oko, ìyá sì wí fún un pẹ̀lú omijé pé, “Láti àná ni wọn kò ti fún mi ní oúnjẹ.” Àbúrò lọ sọ fún ẹbí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fóònù ti ń dún láti Èkó àti láti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń bi ọmọbìnrin tí kò tí ì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta pé kí ló dé tí ó ń fi ebi pa ìyá wọn. Mo mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ka èyí, tí ó sì ti wà ní ipò náà, kò nílò àlàyé. Àwọn tí ń pe fóònù ni mo ń bá wí. Ẹ wá lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé náà kí ẹ tó dá ẹjọ́.

Òfin karùn-ún tí ó ní kí a bọ̀wọ̀ fún bàbá àti ìyá kò sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni yóò pa á mọ́ fún gbogbo àwọn ìyókù. Owó tí a fi ránṣẹ́ dára, a kò kẹ́gàn rẹ̀, ṣùgbọ́n owó kì í jí lóru láti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn. Kí ẹbí jókòó, kí wọ́n pín in: ẹni tí yóò sanwó olùrànlọ́wọ́, ẹni tí yóò wá ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹni tí yóò gba ìyá sílé fún oṣù kan kí èkejì lè sinmi. Ìbínú yóò wá, ẹni tí ń tọ́jú yóò sì pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kan, yóò wá máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kí àlùfáà gbọ́ ìjẹ́wọ́ yẹn pẹ̀lú sùúrù. Ẹgbẹ́ Obìnrin ìjọ lè ṣe ohun kan tí kò ná wọn lówó: kí ènìyàn méjì máa lọ jókòó ti ìyá fún wákàtí mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọmọbìnrin náà lè lọ ṣe irun, tàbí kí ó kàn sùn.

Àwọn ará wa ní ìlú òyìnbó ní ìṣòro mìíràn. Èdè tí a kọ́ kẹ́yìn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ìyá tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù fún ogójì ọdún lè di ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó mọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé omi ni ó ń béèrè ní èdè Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ìjọ Yorùbá tí ó wà níbẹ̀ ni ó tọ́ sí láti máa bẹ irú àwọn bẹ́ẹ̀ wò.

Oògùn, àti ohun tí a lè ṣe ṣáájú

Títí di òní kò sí oògùn tí ń wo àrùn Alzheimer sàn. Donepezil, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1996, àti memantine lè ran iyè lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ọdún 2023 àti 2024, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn tuntun méjì, lecanemab àti donanemab, tí ń gbá amyloid kúrò nínú ọpọlọ. Wọ́n ń dín eré àrùn náà kù díẹ̀ ni, fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Owó wọn ga, wọ́n sì lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kí ó ṣẹ̀jẹ̀, nítorí náà a kì í lò wọ́n láìsí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí. Ẹni tí ó bá ń ta àgbo tàbí òróró fún yín pé ó ń wò ó sàn ní ọjọ́ méje, ẹ kí i, kí ẹ sì máa bá ọ̀nà yín lọ.

Ìròyìn tí ìgbìmọ̀ ìwé ìṣègùn Lancet gbé jáde ní ọdún 2024 ka ohun mẹ́rìnlá tí ó lè mú kí iyè lọ, wọ́n sì rò pé bí a bá lè mú gbogbo wọn kúrò, bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún irú àìsàn yìí lè má ṣẹlẹ̀ tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó dé. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọtí àmujù, àìrìn, etí dídi tí a kò tọ́jú, ojú tí kò ríran dáadáa àti dídá nìkan gbé wà lára wọn. Ìjọ tí ó bá ní nọ́ọ̀sì lè máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ọmọ ìjọ lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ ìsinmi kan lóṣù. Àgbà tí etí rẹ̀ di, kí a má ṣe jẹ́ kí ó jókòó sẹ́yìn nìkan.

Bí àlùfáà bá lọ kí i

Kí ó lọ ní òwúrọ̀, nígbà tí ara aláìsàn máa ń balẹ̀ jù. Kí ó sọ orúkọ ara rẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá dé, kí ó má sì bi í pé, “Ṣé ẹ rántí mi?” Ìdánwò ni ìbéèrè náà, ẹni tí a bi kò sì ní yege. Kí ó jókòó níwájú rẹ̀ níbi tí ojú méjèèjì ti lè pàdé, kí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìwàásù kò wúlò níbẹ̀, ṣùgbọ́n orin wúlò. Orin tí a ti kọ láti èwe a máa pẹ́ nínú ọpọlọ ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, ọ̀pọ̀ àlùfáà sì ti rí i pé ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti oṣù mélòó kan gbé ẹsẹ̀ orin Yorùbá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ṣe Àmín síi. Àdúrà Olúwa náà a máa rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì láìfun-ún lọ́rùn, kí a má fi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa dù ú nítorí pé kò lè ṣàlàyé rẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Lẹ́yìn náà kí àlùfáà má ṣe tètè dìde lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Kí ó yà sí ilé ìdáná, níbi tí ọmọbìnrin náà wà, kí ó ní kí ó jókòó, kí ó sì bi í ní ìgbà tí ó sùn kẹ́yìn.